Ṣé ó yẹ kí ẹni tó ti mọṣẹ́ tún lọ jókòó ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́? Ohun tí àwọn oníṣòwò Àkókó lè rí kọ́ lára àwọn oníjàkadì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì tó tóbi jù lọ l'Amẹ́ríkà, ìyẹn WWF tó sọ ara ẹ̀ di WWE lọ́dún yẹn kan náà, fẹ́ gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Allen Jones síṣẹ́. AJ Styles lorúkọ tí àwọn tó ń wo ìjàkadì mọ̀ ọ́n sí. Ó ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ìjà ńlá tí gbogbo ayé ń wò ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Wọ́n ní kó kó lọ sílùú Cincinnati, kó lọ máa jà nínú ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìyàwó ẹ̀ sì wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní òun ò lọ.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 24, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ kan náà yìí mú un wọ ojú ìjà ńlá tààrà ní Orlando, nínú ìdíje Royal Rumble. Ẹni ọdún 38 ni. Kò gba ilé ẹ̀kọ́ kankan kọjá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún yẹn, òun ló gba bẹ́líìtì tó ga jù lọ lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ ìjàkadì lèyí o, àmọ́ kò sí oníṣọ́ọ̀bù kan l'Ájọwá-Àkókó tírú ẹ̀ kò lè délé ẹ̀. Télọ̀ tó ti ránṣọ fún ọdún mẹ́wàá ní Mushin lè dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó ní Èkó ti sú òun, ilé lòun fẹ́ máa gbé. Wẹ́dà tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ rí n'Íkàrẹ́ lè wá wáṣẹ́ nítorí owó ilé tó le. Ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ máa bi ara ẹ̀ léèrè pé: ṣé kí n kó o ti àwọn ọmọ iṣẹ́ ná, kó mọ bá a ṣe ń ṣe níbí, àbí kí n gbé iṣẹ́ oníbàárà lé e lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀? Owó ńlá wà nínú ìdáhùn tó bá fún ara ẹ̀. Orúkọ ìlú náà pàápàá, tó ń sọ pé ńṣe ni wọ́n jọ wá, fi hàn pé kí àwọn tó ti ní ìṣe tiwọn tẹ́lẹ̀ wá bá ara wọn lójú kan kì í ṣe nǹkan tuntun níbẹ̀.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ wọn?

Ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe gídígbò tí wọ́n ń jà lójú agbo nígbà ọdún ìbílẹ̀. Wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó jáde. Iṣẹ́ àwọn tó ń jà ni pé kí èrò ìwòran gbádùn ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣèṣe. Láàárín ọdún 2000 sí 2008, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ohio Valley Wrestling nílùú Louisville, ní Kentucky, ni WWE ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun lọ bá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sí Florida, tí wọ́n sì sọ ọ́ di NXT lọ́dún 2012. Ní oṣù keje, ọdún 2013, wọ́n ṣí ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan sí Orlando, ojú ìjà méje ló wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣubú láì dá ara ẹ̀ lápá, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tí èrò á fi gbọ́ra sí wọn lẹ́nu, kámẹ́rà tó yẹ kí wọ́n kọjú sí, àti bí wọ́n ṣe ń parí ìjà sí ìṣẹ́jú tí ètò tẹlifíṣọ̀n fún wọn gan-an.

Ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan nídìí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, kò sí àríyànjiyàn lórí tiẹ̀. Isaac Odugbesan, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Oba Femi, ẹni tó ń ju irin róbótó ní Yunifásítì Alabama ni kí wọ́n tó mú un lóṣù kejìlá, ọdún 2021. Kò jàkadì rí. Wọ́n kọ́ ọ, ó sì kọ́ ọ. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, ó gba bẹ́líìtì North American nínú NXT, ó sì mú un dání fún ọjọ́ 273, kò sẹ́ni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí ẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, ó gba èyí tó ga jù nínú NXT. Ká ní ojú ìjà ńlá ni wọ́n tì í sí lọ́jọ́ tó dé ni, ó ṣeé ṣe kó ṣe ara ẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti àwọn tó ti gbó sínú iṣẹ́. Kevin Owens, ọmọ Kánádà, ti ń jà láti ọdún 2000. Nígbà tí WWE mú un, NXT náà ni wọ́n fi í sí. Oṣù kejìlá, ọdún 2014 ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, ọdún 2015, ó ti wà lójú ìjà ńlá, ó sì na John Cena. Kò tó oṣù mẹ́fà. Samoa Joe náà dé NXT lóṣù karùn-ún, ọdún 2015 yìí kan náà. Ogún oṣù ló lò níbẹ̀. Ìparí oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2017 ni wọ́n tó gbé e jáde. Ẹni ọdún 36 ló wọlé, ó ti ń sún mọ́ 38 kó tó jáde. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Joe kò mọ ìjàkadì lọ́jọ́ tó dé. Èrè wà fún ilé-iṣẹ́ lóòótọ́, torí òun wà lára àwọn táwọn èèyàn ń sanwó torí ẹ̀, àwọn ọmọ tuntun tó ń bá a jà sì ń rí nǹkan kọ́. Àmọ́ ara ni ọjà oníjàkadì, kò sì sẹ́ni tó lè dá ọdún méjì yẹn padà fún un.

Ọ̀rọ̀ Apollo Crews tún yàtọ̀ síyẹn. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí ẹ̀, Sesugh Uhaa sì lorúkọ ẹ̀ gan-an. Ọdún 2009 ló bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì, ó sì lókìkí ní Japan, níbi tó ti ń jẹ́ Uhaa Nation. Lọ́jọ́ 22, oṣù kẹjọ, ọdún 2015, ó jà fún NXT ní Brooklyn. Nígbà tó di ọjọ́ 4, oṣù kẹrin, ọdún 2016, wọ́n ti gbé e lọ sórí ètò ńlá. Agbára rẹ̀ kò dín, fífò rẹ̀ kò dín. Ohun tí kò ní ni ìtàn tí èrò máa fi mọ ẹni tó jẹ́, oṣù díẹ̀ tó lò nílé ẹ̀kọ́ kò sì fún un ní èyí. Ọdún 2021 ni nǹkan tó yí padà, nígbà tó ń fi ara ẹ̀ hàn bí ọmọ ọba Nàìjíríà. Babatunde Aiyegbusi, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ìyá ẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Poland, ló dúró tì í bí ẹ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ 11, oṣù kẹrin, ọdún yẹn, ó gba bẹ́líìtì Intercontinental lọ́wọ́ Big E ní WrestleMania. Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìyẹn oṣù kẹfà, ọdún 2022, ni wọ́n dá a padà sí NXT. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tó ti kúrò níbẹ̀!

Ẹ jẹ́ ká tún wo ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá gba ilé ẹ̀kọ́ yẹn kọjá ni wọ́n máa ń fún lórúkọ tuntun. Uhaa Nation di Apollo Crews. Kevin Steen di Kevin Owens. AJ Styles kò pààrọ̀ orúkọ, nítorí orúkọ yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ náà rà. Bákan náà ni télọ̀ tó bá ti Mushin dé. Ó lè ní àwọn oníbàárà tó ṣì ń pè é lórí fóònù. Ọ̀gá tó bá ní kó má dá wọn lóhùn mọ́ ti lé owó jáde ní ṣọ́ọ̀bù ara ẹ̀.

Ìṣirò owó ẹ̀ rèé

Ká fi iye kan ṣàpẹẹrẹ. Ká ní obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ l'Ájọwá, télọ̀ tó ti mọṣẹ́ sì lè rán ẹ̀wù mẹ́ta lójúmọ́ fún un. Ká ní ₦1,500 ló ń kù fún ṣọ́ọ̀bù lórí ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn owó aṣọ, owó òwú àti owó ọwọ́. ₦4,500 nìyẹn lójúmọ́. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 24 lóṣù, ₦108,000 ni. Tí ọ̀gá náà bá wá ní kó máa lọ aṣọ, kó máa ran bọ́tìnnì pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta kó lè “mọ ilé”, ₦324,000 ló ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà. Ká ní kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, tó kàn gbé yúnífọ́ọ̀mù iléèwé kan lé e lọ́wọ́, ogójì ẹ̀wù. Télọ̀ náà gé e bí wọ́n ṣe ń gé e n'Ékòó, kò mọ̀ pé iléèwé yẹn fẹ́ àpò méjì àti ọrùn tó yàtọ̀. Bí aṣọ ẹ̀wù kan bá jẹ́ ₦3,000, ₦120,000 ti ṣòfò, ká má tíì sọ ti ọ̀gá iléèwé tí kò ní padà wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ 12, ló tó láti fi gbogbo bátánì ilé yẹn hàn án. Bí kò bá tiẹ̀ rán ẹ̀wù kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ₦54,000 ni ṣọ́ọ̀bù pàdánù. Ẹni tó bá ń fi owó ara ẹ̀ ṣòwò á rí i pé ọ̀sẹ̀ méjì dáa ju oṣù mẹ́ta lọ, ó sì dáa ju òfo lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà nínú ti Owens àti ti Joe náà nìyẹn. Ohun tí ẹni tó ti mọṣẹ́ kò mọ̀ sábà máa ń kéré: ọ̀nà ilé yín, oníbàárà yín, ẹ̀rọ yín. Ìyẹn nìkan ló yẹ kó kọ́, kó sì mọ ọjọ́ tó máa parí. Nígbà tí WWE rán Big Show lọ sí Louisville lọ́dún 2000, ó ti gba bẹ́líìtì tó ga jù lọ lọ́dọ̀ wọn lọ́dún 1999. Kò sẹ́ni tó ní kò mọ ìjà. Ara ẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ dín kù. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2001, ó ti padà dé. Kò dùn mọ́ èèyàn láti ipò yẹn bọ́ sáàárín àwọn ọmọ tuntun, àmọ́ ó kéré tán, ó mọ ohun tó bá lọ.

Ibi tó jọ pé ilé-iṣẹ́ náà ti gbọ́n jù ni ti Omos. Tolulope Omogbehin lorúkọ ẹ̀, Èkó ni wọ́n bí i sí, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì mẹ́ta, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló sì ń gbá tẹ́lẹ̀. Ọdún 2019 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjàkadì. Ta ni wọ́n wá so ó pọ̀ mọ́? AJ Styles tí kò gba ilé ẹ̀kọ́ náà kọjá. Lọ́jọ́ 10, oṣù kẹrin, ọdún 2021, Omos jà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní WrestleMania, nílùú Tampa. Styles ló jà fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà, Omos kàn wọlé wá parí ẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ gba bẹ́líìtì ẹlẹ́ni méjì lọ́wọ́ New Day. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹnu iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti lo àkísà Styles fún ọmọ tuntun. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù l'Ájọwá náà lè fi ọmọ iṣẹ́ kan ti télọ̀ tó dé láti Èkó, kó máa wo ọwọ́ ẹ̀ bó ṣe ń gé aṣọ oníbàárà. Ìyẹn sàn ju kí télọ̀ jókòó ti ọmọ iṣẹ́ lọ.

Iṣẹ́ kan wà tí èyí kò kàn o. Ẹni tó fẹ́ máa jó irin mọ́ táǹkì epo, tàbí tó fẹ́ máa so wáyà iná sílé oníbàárà, iye ọdún yòówù tó bá sọ pé òun ti lò, ẹ dán an wò lójú yín kó tó fọwọ́ kan nǹkan olówó. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Fún àwọn tó kù, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ohun tó máa kọ́, ẹni tó máa fi hàn án, ọjọ́ tó máa parí, àti owó tó máa gbà láàárín ìgbà náà. Kí owó yẹn má jẹ́ owó ọmọ iṣẹ́, torí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Kí ọmọ tí kò tíì gba fíríìdọ́ọ̀mù má sì máa rán an lómi. Bí ọjọ́ náà bá pé, kí ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá dákẹ́, télọ̀ náà á ti máa bi àwọn dírẹ́bà léèrè iye tí wọ́n ń gbà dé Ìkàrẹ́.