Ọmọ Ẹja Àrọ̀ Nínú Omi Àjèjì

Ìbéèrè: Mo kó ọmọ ẹja àrọ̀ láti Ọ̀wọ̀ wá sí Ìdóàní, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ ti kú. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àdánù. Bí oòrùn bá gbóná mọ́ kẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi kó wọn lójú ọ̀nà, tí ẹ sì dà wọ́n sínú adágún tútù lójijì, ara ẹja, tí kò ní ooru tirẹ̀, kò lè ṣàìdaṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú adágún fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí ẹ máa bu omi adágún sí i díẹ̀díẹ̀, títí àwọn ọmọ ẹja náà fúnra wọn yóò fi lúwẹ̀ẹ́ jáde. Ẹ jọ̀wọ́, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ máa kó wọn.