Ọjọ́ Kan Létíkun Cozumel

Ìbéèrè: Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí èmi àtàwọn ọmọ mi máa wọ̀ ní Miami lóṣù Keje yóò dúró ní Cozumel, erékùṣù kan ní Mẹ́síkò, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣé ó yẹ kí n sanwó ọjọ́ kan ní ibi ìgbafẹ́ etíkun?

Ìdáhùn: Ó yẹ bẹ́ẹ̀, mà, pàápàá nítorí àwọn ọmọ. Púpọ̀ nínú ibi ìgbafẹ́ tó wà ní gúúsù ìlú San Miguel níbẹ̀ ló ń ka àga, ibòji, adágún ìwẹ̀, oúnjẹ àti ohun mímu mọ́ owó kan ṣoṣo. Takisí ni ẹ máa wọ̀ débẹ̀. Ẹ bi awakọ̀ léèló kí ẹ tó jókòó.

Aago ló ń kọ mí lóminú jù. Láti 2015, Cozumel kì í sún aago síwájú nígbà ooru. Bí Miami bá lu aago mẹ́rin lóṣù Keje, mẹ́ta ni wọ́n ṣì wà ní erékùṣù náà. Bí ọkọ̀ yín bá ń lo aago Miami, tí fóònù yín sì yí sí ti erékùṣù, ẹ ó rò pé àyè wákàtí kan ṣì wà nígbà tí ọkọ̀ ti fẹ́ ṣí. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Ọkọ̀ kì í sábà dúró de ẹni tó dá jáde.

Afẹ́fẹ́ líle tún lè má jẹ́ kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè bóyá ibi ìgbafẹ́ náà máa dá owó padà bó bá rí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó san ohunkóhun.