Orí Amọ̀ Lájùwà

Ẹni tí ó bá ti àdúgbò Ìrẹ́mọ rìn wá sí Ẹnuwá ní Ilé-Ifẹ̀ yóò rí ààfin Ọọ̀ni níwájú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin náà ni ilé tí a ń kó àwọn iṣẹ́ ọnà àtijọ́ pamọ́ sí. Láàrin àwọn iṣẹ́ ọnà tí Ifẹ̀ fi lókìkí ni orí kan tí a fi amọ̀ mọ, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33. Àwọn onímọ̀ fi ìgbà tí a mọ ọ́n sí àárín ọdún 1100 sí 1500. Inú ilẹ̀ ni àwọn orí idẹ tí a hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 ti wà tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n inú ààfin ni a ti ń tọ́jú orí amọ̀ yìí. Lájùwà ni wọ́n ń pè é.

Ta ni Lájùwà? Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ìránṣẹ́ Ọọ̀ni Àwórókólókìn ni. Nígbà tí ọba wàjà, Lájùwà kò jẹ́ kí ìlú gbọ́. Ó gbé aṣọ ọba wọ̀, ó sì ń pàṣẹ bí ẹni pé olúwa rẹ̀ ṣì wà láàyè. Kí ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe? Àṣà ni. Ìlẹ̀kẹ̀ adé a máa bo ojú ọba. Ọba kì í ṣe ẹni tí gbogbo ènìyàn ń rí lójoojúmọ́. Ohun tí àwọn baba ńlá fi bu ọlá fún ọba ni ẹlẹ́tàn fi ṣe ibi ìsápamọ́. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Àṣírí tú, ìtẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Lájùwà.

Irú ọ̀tẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ sí Ifẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní òru mọ́jú ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1605, wọ́n ká Guy Fawkes mọ́ abẹ́ ilé ìgbìmọ̀ pẹ̀lú àgbá ẹ̀tù 36, èyí tí wọ́n fẹ́ fi pa Ọba James Kìíní. Ìwé kan tí ó dé ọwọ́ ìjòyè kan ni ó mú kí a wá wọn rí. Ayàwòrán kan fín àwòrán mẹ́jọ nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ 13 náà, ó sì kọ orúkọ wọn mọ́ wọn.

Lára orí Lájùwà, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo. Amọ̀ kò lè pe orúkọ ara rẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà ni ó ń bá a pè é. Nítorí náà, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ohun tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí etí gbọ́. Ojú rí ère tí ọ̀jáfáfá oníṣẹ́ ọnà mọ. Etí gbọ́ orúkọ ẹni tí ère náà dúró fún. Bí ọmọdé kò bá bi àgbà léèrè, ère yóò kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì nù.

Ní Ifẹ̀, ọba kò dá ìlú ṣe. Ọbalùfẹ̀, olórí Ìrẹ́mọ, wà lára àwọn aṣáájú ìjòyè tí ń bá a gbé ẹrù ìlú. Bóyá ìdí nìyí tí ààfin kò fi ju orí ẹlẹ́tàn náà nù: kí gbogbo ẹni tí ó bá wò ó lè rántí pé aṣọ nìkan kò sọ ìránṣẹ́ di ọba.

Ìbéèrè
1. Àṣà wo ni Lájùwà fi bo ẹ̀tàn rẹ̀ mọ́lẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin orí amọ̀ yìí àti àwòrán àwọn ọlọ̀tẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù?
3. Kọ ìtàn kan tí àgbà ilé rẹ sọ nípa ohun àtijọ́ kan ní ìlú rẹ.