Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Ajá Kí Ẹ Tó Rà Á

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí ẹ bá fẹ́ ra ajá tí yóò máa lé ọ̀yà nínú oko yín, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kó rìn níwájú yín. Nínú ìwọ̀n ara ajá, nǹkan bí 60 nínú 100 ló wà lórí ẹsẹ̀ iwájú. Bí ẹsẹ̀ náà bá wọ́, oríkèé yóò máa dùn ún, yóò máa tiro, ẹ̀yin yóò sì máa bọ́ ọ lásán. Èmi náà ti ra irú ẹ̀ rí, torí ìrù ẹ̀ tó rẹwà! Kí àyà rẹ̀ jìn, kó lè mí dáadáa bó bá ń sáré. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá rẹ̀ hàn yín pẹ̀lú, torí ọmọ lè jogún ẹsẹ̀ wíwọ́.