Ilé-ìwé kan ṣoṣo ló wù mí

Ìbéèrè: Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, ọmọ mi yóò pé ọdún 4 ní oṣù kẹta tó ń bọ̀. Ilé-ìwé kan ṣoṣo ló wù mí. Ṣé kí n kọ ọ́ nìkan sínú fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé? Àbúrò mi tó ń gbé nítòsí rẹ̀ ní kí n lo àdírẹ́sì òun.

Ìdáhùn: Ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán ti àdírẹ́sì yẹn wò. Bí káńsù bá já a, wọ́n lè gba àyè náà padà lọ́wọ́ ọmọ.

Àyè 6 ni fọ́ọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù ní. Ilé-ìwé kì í mọ ipò tí ẹ to òun sí, nítorí náà ẹ fi èyí tó wù yín jù ṣíwájú láìbẹ̀rù, kí ẹ sì fi ọ̀kan tó sún mọ́ ilé kún un. Bí ẹ bá kọ ẹyọ kan tí ọmọ kò sì rí àyè níbẹ̀, ibi tó bá ṣẹ́kù ni káńsù yóò fún yín, ó sì lè jìnnà.

Bí àwọn tó ń wá àyè bá pọ̀ ju àyè lọ, ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ló máa ń ṣíwájú. Lọ́pọ̀ ibi, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ló tẹ̀ lé e, kó tó kan bí ilé ṣe jìnnà sí. Ẹ bi ilé-ìwé náà léèrè: ibo ni ọmọ tí wọ́n gbà kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá ti ń wá? Ilé-ìwé ìjọ sábà máa ń ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ tí àlùfáà ń fọwọ́ sí.

15 oṣù kìíní ni wọ́n ń ti fọ́ọ̀mù. Èsì ń jáde ní 16 oṣù kẹrin.