Smirna: Ìjọ Òtòṣì ní Ìlú Ọlọ́rọ̀

Ibi kíkà: Ìfihàn 2:8–11

Ìlú tí Bíbélì pè ní Smirna ni à ń pè ní Izmir lónìí. Etí Òkun Aegean ni ó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì, òun ni ó sì ṣìkẹta ní títóbi níbẹ̀, lẹ́yìn Istanbul àti Ankara. Àlejò tí ó bá dé èbúté rẹ̀ yóò rí ọkọ̀ ojú omi, àwọn ilé gíga, àti ilé gogoro aago tí a kọ́ ní 1901 ní gbàgede Konak. Bí ó bá tún rìn díẹ̀ wọ àárín ìlú, yóò bá ahoro ọjà àwọn ará ìgbàanì, tí àwọn òpó òkúta rẹ̀ kan ṣì wà lóòró.

Ọjà yẹn ṣàlàyé púpọ̀ nínú lẹ́tà Olúwa. Ìlú oníṣòwò ni Smirna, ìlú tí ó kọ́ tẹ́ńpìlì fún Késárì. Síbẹ̀ òtòṣì ni àwọn onígbàgbọ́ inú rẹ̀. Olúwa mọ òṣì wọn, ó sì kà wọ́n sí ọlọ́rọ̀. Nínú ìjọ méje, Smirna àti Filadelfia nìkan ni kò gba ìbáwí.

Ní nǹkan bí ọdún 155, wọ́n mú Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà. Gómìnà ní kí ó fi Késárì búra, kí ó sì kẹ́gàn Kristi, òun yóò dá a sílẹ̀. Bàbá àgbà náà dáhùn pé ọdún 86 ni òun ti ń sin Kristi, kò sì ṣe òun ní ibi kan. Wọ́n pa á.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ iyì òwò. Àwọn òṣómàáló, bàbá wa, ta aṣọ láwìn káàkiri, wọ́n sì lóṣòó ti onígbèsè títí ó fi sanwó. Èrè òwò bẹ́ẹ̀ ni a fi rán púpọ̀ nínú wa wá sí ilé ẹ̀kọ́ yìí. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìjọ Smirna fi ẹsẹ̀ rìn, ìhìnrere rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fẹ́ gbà lẹ́nu Polycarp. Lónìí, ó lè jẹ́ ìbuwọ́lùwé kan lórí ìwé èké ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ ọmọ wa, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún àṣàrò:
1. Kí ni ọmọ yín rí lọ́wọ́ yín tí yóò fi lè kọ̀?
2. Bí ó bá kọ̀, tí ó sì pàdánù iṣẹ́, ṣé ẹ ó pè é ní òmùgọ̀ tàbí ọlọ́rọ̀?

Kí Olúwa fi ìgboyà Smirna fún ilé ẹ̀kọ́ wa. Àmín.