Oúnjẹ Tí Ó Yẹ Ológbò: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tí Ń Sìn Ín

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí ilẹ̀ Yorùbá ti mọ iṣẹ́ tí ológbò ń ṣe. Òun ni olùṣọ́ àká àgbàdo. Òun ni kì í jẹ́ kí eku bu aṣọ jẹ nínú àpótí. Òun náà ni kì í jẹ́ kí èkúté tọ̀ sínú gààrí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn léèrè ohun tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ yìí máa jẹ, ìdáhùn wọn ni pé ohunkóhun tí ó bá ṣẹ́ kù nínú ìkòkò ti tó o. Òkèlè èbà tí a ta ọbẹ̀ sí, ẹ̀kọ tí a fọ́ sínú omi ẹja, tàbí egungun tí ajá fi sílẹ̀, ni oúnjẹ ológbò ní ilé púpọ̀. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fún un ní ohunkóhun, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé ebi ni ń mú kí ológbò pa eku.

Èrò wọ̀nyí kò tọ̀nà. Ẹ̀kọ́ yìí yóò ṣàlàyé bí ara ológbò ti rí, àdánù tí àìmọ̀ nípa oúnjẹ rẹ̀ ti mú wá ní ilẹ̀ àwọn tí wọ́n ń fi owó ra oúnjẹ fún un, àti ọ̀nà tí ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè gbà bọ́ ológbò rẹ̀ bí ó ti yẹ.

ẸRAN NI OÚNJẸ RẸ̀

Ológbò kì í ṣe ajá kékeré. Ajá lè jẹ ẹran, ó sì lè jẹ èbà tàbí ìrẹsì, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ènìyàn pàápàá rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbátan kìnnìún àti ẹkùn ni ológbò, ẹran pípa ni àwọn baba ńlá rẹ̀ sì fi gbé ẹ̀mí wọn ró. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé ọ̀dọ̀ irú ológbò igbó kan, ní àgbègbè tí ó wà ní ìlà-oòrùn Òkun Mẹditaréníà, ni gbogbo ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ìbátan ológbò igbó náà ṣì ń gbé ní ilẹ̀ ọ̀dàn Áfíríkà títí di òní. Ní erékùṣù Kípírù, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ibojì kan níbi tí a gbé sin ènìyàn àti ológbò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 2004 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Eku tí ń jẹ ọkà nínú àká àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ni ó fa ológbò wá sí ìtòsí ènìyàn. Ibùgbé rẹ̀ ti yí padà láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ wà bí ó ti wà.

Ohun mẹ́ta ni a lè fi mọ èyí. Èkínní ni ti fítámì A, tí ojú kò lè ṣe aláìní. Bí ènìyàn bá jẹ epo pupa tàbí kárọ́ọ̀tì, ara rẹ̀ a máa sọ èròjà pupa inú wọn di fítámì yìí. Ara ológbò kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Inú ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ẹran tí ó bá jẹ ni ó ti ń rí fítámì A gbà. Èkejì ni ti adùn. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé ìwádìí Monell, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ahọ́n ológbò kò mọ adùn ṣúgà rárá. Ẹ̀kẹta ni ti èròjà inú ẹran tí a ń pè ní arginine. Ní ọdún 1978, James Morris àti Quinton Rogers ti Yunifásítì California ní ìlú Davis fi hàn pé bí ológbò tí ebi ń pa bá jẹ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí kò ní arginine nínú, májèlé lè kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀.

ẸKỌ́ TÍ A FI Ẹ̀MÍ OLÓGBÒ PÚPỌ̀ KỌ́

Èròjà kan tún wà tí ìtàn rẹ̀ yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo ẹni tí ń sin ológbò. Taurine ni orúkọ rẹ̀. Ó pọ̀ nínú ẹran, nínú ẹja àti nínú eku. Iṣu, gbágùúdá, àgbàdo àti ìrẹsì kò ní in. Ènìyàn àti ajá a máa ṣe é nínú ara wọn, ṣùgbọ́n èyí tí ara ológbò lè ṣe kò tó nǹkan.

Ní ọdún 1975, K. C. Hayes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ológbò tí a bọ́ ní oúnjẹ tí ó jẹ́ pé èròjà inú wàrà nìkan ni a fi dípò ẹran nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ẹyinjú wọn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí, bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà. Àìsí taurine ni ó fà á. Ológbò tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí a máa fọ́jú díẹ̀díẹ̀, tí olówó rẹ̀ kò sì ní fura títí yóò fi máa kọlu ìjókòó àti ògiri.

Lẹ́yìn ìkéde yìí, ikú kò dẹ́kun. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ológbò ń kú ní Amẹ́ríkà nítorí àìsàn kan tí ń mú kí ọkàn wọn wú, kí ó sì rọ, tí kò fi ní lè ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1987 ni Paul Pion, Mark Kittleson, Rogers àti Morris, ní Davis kan náà, tẹ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ti yẹ ológbò 21 tí ó ní àìsàn náà wò, wọ́n sì rí i pé taurine inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jọjọ. Nígbà tí a fi taurine sí ẹnu wọn, ọkàn àwọn tí ó gbà á padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí.

Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé àwọn ológbò wọ̀nyí kò jẹ ìdọ̀tí. Oúnjẹ ológbò tí a ń tà ní ọjà ni wọ́n ń jẹ, ìwọ̀n taurine tí a kà sí èyí tí ó tó nígbà náà sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé ooru tí a fi ń se oúnjẹ inú agolo a máa yí i padà lọ́nà tí àwọn kòkòrò àìrí inú ìfun ológbò fi ń jẹ taurine run kí ó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oúnjẹ ológbò fi kún taurine inú ọjà wọn, àìsàn ọkàn yìí sì di ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí mọ́. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà nísinsìnyí ni pé, bí a bá yọ omi kúrò, kílógíráàmù kan oúnjẹ gbígbẹ gbọ́dọ̀ ní taurine gíráàmù 1, ti inú agolo sì gbọ́dọ̀ ní gíráàmù 2, ó kéré tán.

Ọkàn tí ó rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò bí a bá tètè rí i. Ẹyinjú tí ó ti jẹrà kì í padà mọ́.

ÌDÍ TÍ OLÓGBÒ ÀTIJỌ́ FI YÈ

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí ọ̀ràn bá rí báyìí, kí ni ó dé tí ológbò àwọn bàbá wa fi jẹ èbà tí kò sì fọ́jú? Eku ni ó gbà wọ́n là. Ológbò tí ó bá jẹ òkèlè èbà ní ọ̀sán, tí ó sì pa eku méjì ní òru, ti jẹ ẹran, ẹ̀dọ̀, ọkàn àti egungun. Kò sí ohun tí ó kù tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Eku ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Èbà kàn ń kún inú rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ológbò tí a tì mọ́ inú ilé alájà ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn lè má rí eku kan pa láti oṣù dé oṣù. Ní àwọn ilé mìíràn, májèlé ni a fi ń pa eku, ológbò tí ó bá sì jẹ eku tí májèlé pa lè bá a lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí ológbò bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, eku yóò tán nínú ilé náà. Nígbà tí eku bá tán, tí èbà nìkan ṣẹ́ kù, ológbò náà ti ń rìn lọ sí ọ̀nà ìfọ́jú.

Ní ti ìgbàgbọ́ pé ebi ni ń mú kí ó ṣọdẹ, àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí ti rí i pé ológbò tí ó ń jẹun lọ́wọ́ a máa fi oúnjẹ sílẹ̀ láti lọ pa eku tí ó bá kọjá. Ìfẹ́ ọdẹ àti ebi kì í ṣe ohun kan náà nínú rẹ̀. Ológbò tí ó yó, tí ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, ni ọdẹ gidi.

ÀWỌN OÚNJẸ TI ÒDE ÒNÍ

Oríṣi mẹ́rin ni oúnjẹ tí àwọn ènìyàn ń fún ológbò lóde òní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí ó dára sí àti ibi tí ó kù sí.

Oúnjẹ gbígbẹ oníhóró kò wọ́n tó ti inú agolo, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ó jẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni ológbò kì í mu omi púpọ̀, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ ni ìran rẹ̀ ti wá. Bí a bá sì gbé e kalẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ fún ológbò tí kì í jáde, yóò sanra ju bí ó ti yẹ lọ, àtọ̀gbẹ a sì máa tètè mú ológbò tí ó sanra.

Oúnjẹ inú agolo ní omi tí ó tó ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí sì ń ran ológbò tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í jáde dáadáa lọ́wọ́. Owó rẹ̀ pọ̀, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú nínú àwo.

Ẹran tútù tí a kò sè ni àwọn mìíràn yàn, nítorí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ológbò ń jẹ ẹ́ nínú igbó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn aláṣẹ ètò ọ̀gbìn ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà kéde pé ológbò kan kú lẹ́yìn tí ó jẹ oúnjẹ tí a fi ẹran tòlótòló tútù ṣe; àrùn ẹyẹ tí a ń pè ní H5N1 ni a bá nínú oúnjẹ náà. Iná a máa pa àrùn yìí. Nítorí náà ó sàn kí a se ẹran kí a tó fún un.

Ẹ̀kẹrin ni oúnjẹ tí kò ní ẹran nínú rárá. A lè ṣe taurine ní ilé iṣẹ́ kí a sì bù ú sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ onímọ̀ ni, kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú wọ̀n nínú ilé ìdáná. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra oúnjẹ ológbò, irú èyí tí ó wù kí ó jẹ́, kí ó wo ara agolo tàbí àpò rẹ̀ bóyá a kọ ọ̀rọ̀ náà "complete" sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ológbò lè jẹ ẹ́ nìkan láìsí àfikún. Kí ó má ṣe ra oúnjẹ ajá dípò rẹ̀, nítorí kò pọn dandan kí taurine wà nínú ti ajá.

OHUN TÍ OLÚKÚLÙKÙ LÈ ṢE NÍ ILÉ

Ẹni tí kò bá lè ra oúnjẹ agolo lè tẹ̀ lé ìlànà wọ̀nyí:

1. Kí ẹran tàbí ẹja jẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwo ológbò, kí òkèlè sì jẹ́ díẹ̀. Ọkàn adìẹ àti ọkàn màlúù dára púpọ̀, nítorí taurine pọ̀ nínú wọn.

2. Kí a da omi tí a fi se ẹran náà sí i pẹ̀lú. Taurine a máa yọ́ sínú omi. Ẹni tí ó bá da omi náà nù ti da oògùn nù.

3. Kí a yọ oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ kí a tó fi ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí ìkòkò. Àlùbọ́sà àti aáyù a máa ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

4. Ẹ̀dọ̀ dára, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni kí ó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ ni ó ń jẹ lójoojúmọ́, fítámì A yóò pọ̀ jù, eegun ọrùn rẹ̀ yóò sì le.

5. Kí a se ẹja, nítorí àwọn ẹja kan wà tí ó jẹ́ pé, bí a kò bá sè wọ́n, wọn a máa run fítámì B1 inú oúnjẹ. Kí a má ṣe fún un ní egungun adìẹ tí a ti sè, nítorí ó ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun.

6. Ẹran nìkan láìsí egungun kò lè mú eegun ọmọ ológbò le. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí kò ní iyọ̀, tí a gún kúnná pẹ̀lú egungun rẹ̀, dára láti fi sí i.

7. Omi mímọ́ ni kí a gbé kalẹ̀ fún un nígbà gbogbo. Wàrà kì í ṣe omi. Ọ̀pọ̀ ológbò tí ó ti dàgbà ni wàrà ń ṣu nínú.

8. Ilé tí ológbò bá wà, kí a má ṣe lo májèlé eku níbẹ̀.

Bí ológbò bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì, tí ó ń mí gúlegúle, tàbí tí ó ń kọlu nǹkan ní ojú mọ́mọ́, kí a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹran láìjáfara. Ẹ̀dọ̀ ológbò tí ó sanra tètè ń bàjẹ́ bí kò bá jẹun.

Àgbẹ̀ kì í fi ọkọ́ rẹ̀ sínú òjò, ọdẹ a sì máa nu ìbọn rẹ̀. Ológbò tí ń ṣọ́ àká, tí ń ṣọ́ aṣọ, tí ń ṣọ́ oúnjẹ ọmọ ènìyàn ní òru, kò béèrè owó oṣù. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ẹran díẹ̀ àti omi mímọ́ lójoojúmọ́, kí ojú tí ó fi ń ṣọ́ ilé má baà ṣókùnkùn.